Fìlà Ló Kà

"A kì í pe ọmọ ẹni lórúkọ," ni Àǹtí Ọmọ́wùnmí, tíṣà wọn, wí, ó sì dákẹ́ kí àwọn òbí inú ọkọ̀ parí rẹ̀ fún un.

"Títí a ó fi padà délé," ni wọ́n dáhùn.

"A kì í fi ọmọ ọlọ́mọ sílẹ̀."

"Bó ti wù kó rí."

"Bí ọmọ bá dín ńkọ́?"

"Ká dúró, ká tẹ ẹ̀gbà."

Ohùn Mọrádéyọ̀ ló kẹ́yìn nínú gbogbo wọn, nítorí ìgbà àkọ́kọ́ tí yóò bá àwọn ọmọ iléèwé sọ̀kalẹ̀ sórí ilẹ̀ nìyí, ó sì ń bẹ̀rù kó má lọ ṣi ọ̀rọ̀ sọ. Òbí afínnúfíndọ̀ ni wọ́n ń pe irú wọn. Ní Ìlú Òpó, a kì í fipá mú ẹnikẹ́ni ṣe é. Ọmọ tí òbí rẹ̀ kò bá fínnú fíndọ̀ ni kò ní kan ilẹ̀, ọ̀rọ̀ sì tán. Ẹni tó bá fẹ́ rẹ́rìn-ín sí i lè rẹ́rìn-ín. Àwọn tó wà nínú ọkọ̀ láàárọ̀ ọjọ́ náà kò rí ẹ̀rín níbẹ̀.

Ọkọ̀ náà ń lọ jẹ́jẹ́ lórí omi. Oòrùn ló ń lò, kì í pariwo. Lẹ́yìn wọn, àwọn òpó gíga tí ìlú wọn jókòó lé ti ń kéré lọ. Níwájú, Òkè Ìpamọ́ ti yọrí, igi bò ó láti ìsàlẹ̀ dé òkè. Òun nìkan ni ilẹ̀ tí omi kò tíì gbé mì ní gbogbo agbègbè náà, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń ṣọ́ ọ bí ẹyinjú. Ẹyẹ onírin iléèwé ń fò lókè orí ọkọ̀, kò tóbi ju àgbébọ̀ adìyẹ lọ, ojú rẹ̀ kan ṣoṣo sì ń yí kiri.

Ẹ̀gbà tí wọ́n fi sí Mọrádéyọ̀ lọ́rùn ọwọ́ tutù. Ìlẹ̀kẹ̀ pupa kan ló wà lójú rẹ̀. Ó ń fi ọwọ́ kejì bò ó kí nǹkan má lọ kàn án láìròtẹ́lẹ̀.

"Àǹtí," ọmọdébìnrin tó jókòó tì í pè é, "kí ló dé tó jẹ́ ẹ̀yin nìkan lẹ ní ẹ̀gbà?"

Àríkẹ́ ni orúkọ ọmọ náà. Eyín iwájú rẹ̀ ti ká, ìbéèrè rẹ̀ kì í sì í tán. Òun àti àwọn ọmọ márùn-ún mìíràn ni wọ́n fà lé Mọrádéyọ̀ lọ́wọ́, gbogbo wọn dé fìlà aláwọ̀ ìyeyè.

"Nítorí pé èmi ni mò ń tọ́jú yín."

"Tí wọ́n bá so ó mọ́ àwa náà lọ́wọ́, ṣebí ẹyẹ á ti mọ ibi tá a wà. Bàbá mi ló sọ bẹ́ẹ̀."

"A kì í so ẹ̀rọ mọ́ ara ọmọ. Òfin ni. Àgùntàn ni wọ́n máa ń so nǹkan mọ́ lọ́rùn."

"Kí ni àgùntàn?"

Mọrádéyọ̀ ronú sí i. Òun náà kò rí i rí, àfi nínú àwòrán. "Ẹran kan ni. Ó ní irun lára."

"Bíi ológbò?"

"Ó tóbi ju ológbò lọ."

"Ṣé ó máa ń jẹ èèyàn?"

"Rárá o. Èèyàn ló máa ń jẹ ẹ́."

Àánú àgùntàn ṣe Àríkẹ́. Mọrádéyọ̀ gbé ojú sókè, ó sì wo iwájú ọkọ̀ níbi tí àwọn ọmọ onífìlà aláwọ̀ aró jókòó sí lọ́dọ̀ Bàbá Ajírọ́tutù. Ẹ̀bùn, ọmọ tirẹ̀, wà láàárín wọn. Wọn kì í fi ọmọ sọ́dọ̀ òbí tó bí i. Ẹ̀bùn fi ẹ̀yìn sí i, ó di ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ pinpin. Kóró àgbálùmọ̀ ló wà níbẹ̀. Láti ìgbà tí wọ́n ti fún un ní iléèwé ló ti ń gbé e kiri, kò gbà kí wọ́n bá òun fi sápò.

Lọ́sàn-án òní ni yóò gbìn ín. Ọmọ ọdún méje nìkan ni wọ́n ń fún ní kóró, ẹ̀ẹ̀kan náà sì ni. Ẹni tó bá gbìn ín ti ní igi lórí òkè nìyẹn, ẹni tó bá sì ní igi lè padà wá wò ó lọ́dọọdún títí ọjọ́ alẹ́ rẹ̀, kó fi ẹsẹ̀ lásán tẹ ilẹ̀, kó jókòó sábẹ́ ohun tó jẹ́ tirẹ̀. Ẹni tí kò bá ní, orí òpó ni yóò ti dàgbà, ibẹ̀ ni yóò sì kú sí.

Mọrádéyọ̀ kò ní igi. Ọdún tó pé méje, ìyá rẹ̀ ń ṣiṣẹ́ níbi tí wọ́n ti ń yọ iyọ̀ kúrò nínú omi mímu, wọn kò yọ̀ǹda rẹ̀ fún ọjọ́ kan péré. Ìyá náà sunkún títí, ṣùgbọ́n ẹkún kò mú igi hù. Ó ti pẹ́ tí Mọrádéyọ̀ ti búra pé ohun tó ṣe òun kò ní ṣe ọmọ òun. Ìdí tó fi wà nínú ọkọ̀ yìí nìyẹn, kò sí òmíràn.

Nígbà tí wọ́n gúnlẹ̀, ohun tó ya àwọn ọmọ lẹ́nu jù ni pé ilẹ̀ náà kò mì. Ìlú Òpó máa ń mì díẹ̀díẹ̀ tọ̀sán-tòru. Inú ìmìtìtì yẹn ni wọ́n bí wọn sí. Òòyì kọ́ àwọn kan, wọ́n jókòó. Ọmọ kan bì. Àríkẹ́ dùbúlẹ̀ gbalaja, ó fi etí lélẹ̀.

"Ó ti kú ni?" ó bèèrè.

"Kí ló kú?"

"Ilẹ̀."

"Kò kú. Bó ṣe máa ń rí nìyẹn," ni Mọrádéyọ̀ dá a lóhùn bí ẹni tó mọ̀ ọ́n. Òun gan-an kò tẹ ilẹ̀ rí. Ó fi àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ kan iyẹ̀pẹ̀, inú rẹ̀ dùn débi pé ó bojú wẹ̀yìn kí àwọn ọmọ má baà rí omi ojú rẹ̀.

Wọ́n rìn gba ojú ọ̀nà tí wọ́n ti fi òkúta tẹ́. Níbi tí oòrùn wà, ẹyẹ onírin ni ó ń bá wọn ka ọmọ, ẹnikẹ́ni kò ní iṣẹ́ níbẹ̀. Ṣùgbọ́n bí wọ́n ti wọ abẹ́ igi ni ewé bo ojú rẹ̀. Abẹ́ igi ọ̀hún ni wọ́n sì ti fẹ́ jẹun: àwọn onífìlà ìyeyè ní ìhà ìhín àpáta ńlá kan, àwọn onífìlà aró ní ìhà ọ̀hún. Omi kan ń ṣàn wálẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ àpáta náà, ó ń hó, ó ń bọ́ sínú ọ̀gbun.

"Gbogbo yín, ẹ ṣí fìlà!" Bàbá Ajírọ́tutù kígbe láti òdì kejì. Ọmọ-ọmọ rẹ̀ ló tìtorí rẹ̀ wá. Ọkùnrin náà ti dàgbà, ohùn rẹ̀ kò sì tíì dàgbà. "Nílé tiwa, a kì í dé fìlà jẹun. Ṣé ẹ̀ ń gbọ́ mi lọ́hùn-ún?"

"À ń gbọ́ o, Bàbá," ni Mọrádéyọ̀ dáhùn. Kò mọ̀ bóyá ó wà nínú òfin, ṣùgbọ́n àgbà ló sọ ọ́. Ó ní kí àwọn ọmọ fi fìlà wọn kọ́ ẹ̀ka igi kan tó tẹ̀ wá sílẹ̀. Lẹ́yìn náà ó pín ẹ̀kọ àti mọ́ínmọ́ín tí iléèwé fi ránṣẹ́, ó ń bá ẹni tí kò lè tú ewé tú u.

Wọ́n ń jẹun lọ́wọ́ nígbà tí ẹyẹ onírin rọ̀ sí àárín ẹ̀ka. Ohùn rẹ̀ dà bí ti ọ̀dọ́mọbìnrin tó ń ka ìròyìn, "ẹ" ló sì máa ń pe gbogbo èèyàn, tọmọdé tàgbà.

"Ẹ kú ọ̀sán o, òbí ìyeyè. Ojú mi kò tólẹ̀ níbí. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi ka àwọn ọmọ yín."

Mọrádéyọ̀ gbé ìka sókè. Ìka náà kò lọ. Kó nàka sí ọmọ ọlọ́mọ, kó ní oókan, eéjì? Láti kékeré ni etí rẹ̀ ti kún: a kì í ka ọmọ fún ọlọ́mọ. Ẹni tó bá kà wọ́n, ó fẹ́ kí wọ́n dín ni. Àǹtí Ọmọ́wùnmí ti bá wọn sọ ọ́ níbi ìdánilẹ́kọ̀ọ́. Ó ní kí wọ́n gbàgbé ìyẹn, ó ní ẹ̀rọ ló ń bèèrè, kì í ṣe àjẹ́. Gbogbo òbí ní àwọn ti gbọ́. Nígbà tó ní kí wọ́n wá fi ara wọn dánra wò, àga ni gbogbo wọn ń nàka sí.

Ó gbé ojú sí ẹ̀ka igi. Ó ka fìlà.

"Mẹ́fà," ó ní. "Wọ́n pé."

"Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ yín."

Ẹyẹ fò kọjá sí òdì kejì àpáta. Mọrádéyọ̀ gbọ́ ohùn Bàbá Ajírọ́tutù: "Mẹ́fà ni wọ́n, Ọlọ́run á dá wọn sí fún àwọn òbí wọn. Àmín. Ìwọ náà ṣe àmín." Ẹyẹ onírin náà ṣe àmín.

Àwọn ọmọ jẹun tán, wọ́n nu ọwọ́ sára aṣọ, wọ́n dìde lọ mú fìlà. Fìlà kan ṣẹ́ kù lórí ẹ̀ka.

Mọrádéyọ̀ wò ó. Ó kọ́kọ́ rò pé ẹnìkan ló ń ṣeré. Ó wo ẹ̀yìn igi, ó wo ẹ̀yìn agbọ̀n oúnjẹ. Kò sí Àríkẹ́ níbẹ̀.

"Àríkẹ́ dà?"

"Ó lọ," ni ọmọkùnrin kan tí ẹnu rẹ̀ ṣì kún fún mọ́ínmọ́ín sọ.

"Ó lọ síbo?"

"Ó ní òun ń bọ̀."

"Ìgbà wo ló lọ?"

Ọmọ náà ronú. "Kí ẹyẹ tó dé."

Mọrádéyọ̀ pe Àríkẹ́, ó pe Bàbá Ajírọ́tutù. Omi tó ń hó gba ohùn rẹ̀ mọ́ ọn lẹ́nu. Kò lè lọ sẹ́yìn àpáta, nítorí kò lè fi àwọn tó kù sílẹ̀. Kò sì lè kó wọn dání lọ, etí ọ̀gbun ni ọ̀nà náà gbà, òkúta ibẹ̀ sì ń yọ̀. Bí ọmọ bá dín, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ kúrò níbi tó wà. Ohun tó yẹ kó ṣe ni kó tẹ ẹ̀gbà.

Ó fi ìka lé ìlẹ̀kẹ̀ pupa náà. Kò tẹ̀ ẹ́.

Bí òbí bá tẹ̀ ẹ́ pé ọmọ dín, wọ́n á gba kóró lọ́wọ́ ọmọ tirẹ̀. Bí òfin ṣe sọ ọ́ nìyẹn. Àwọn tó ṣòfin náà rò pé ìbẹ̀rù ọmọ ẹni ni yóò jẹ́ kéèyàn ṣọ́ ọmọ ẹlòmíràn dáadáa. Wọn kò rò ó dé ibi tí Mọrádéyọ̀ dúró sí yìí, níbi tí ìbẹ̀rù kan náà ti di ọwọ́ rẹ̀ mú. Bóyá ọmọ náà lọ tọ̀ ni. Bóyá ó ń wo kòkòrò. Bí òun bá lè ṣe sùúrù díẹ̀ sí i, ó lè yọ báyìí, kó máa bèèrè ohun tí kòkòrò ń jẹ, kò sì ní sí ẹni tó gbọ́. Ẹ̀bùn á gbin igi rẹ̀. Ó ń wo àárín igi, ó ń bẹ Ọlọ́run, ó sì mọ̀ nínú ara rẹ̀ pé ìṣẹ́jú kọ̀ọ̀kan tí òun ń fi bẹ̀bẹ̀ yìí, ti Àríkẹ́ ni òun ń ná.

Òkúta kan yẹ̀ níbì kan lókè. Ó yí, ó yí, ó bọ́ sínú omi ọ̀gbun.

Mọrádéyọ̀ tẹ ẹ̀gbà.

Agogo dún láti ìsàlẹ̀ òkè dé òkè. Àwọn ẹyẹ gidi fò jáde lórí igi. Gẹ́gẹ́ bí wọ́n ṣe kọ́ wọn, gbogbo ọmọ jókòó síbi tí wọ́n wà, àwọn òbí dúró ṣinṣin. Àǹtí Ọmọ́wùnmí sáré gòkè wá, bàtà rẹ̀ lọ́wọ́.

"Mọ́mì Ẹ̀bùn, ta ni?"

"Àríkẹ́ ni. Fìlà rẹ̀ ló wà níbí, n kò rí òun."

Tíṣà náà kò bá a wí. Ó yíjú sí ọ̀gbun, ó ń wo ìsàlẹ̀ rẹ̀. Ìgbà náà ni ohùn Bàbá Ajírọ́tutù jáde láti ẹ̀yìn àpáta.

"Ta ló dín? Ní tèmi o, ó jọ pé ọ̀kan lé."

Ó yọ sí wọn láìka òfin sí, ó to àwọn ọmọ tirẹ̀ lọ́wọ̀ọ̀wọ́ bí ẹni tó ń da ewúrẹ́. Kò sí ọ̀kan tó dé fìlà nínú wọn. Láàárín wọn ni Àríkẹ́ wà, òun àti Ẹ̀bùn di ọwọ́ ara wọn mú.

"Ṣé èmi lẹ̀ ń wá?" Àríkẹ́ bèèrè. Inú rẹ̀ tilẹ̀ dùn sí i. "Mo lọ wo kóró Ẹ̀bùn ni. Tiẹ̀ tóbi ju tèmi lọ."

Mọrádéyọ̀ kúnlẹ̀, ó gbá Àríkẹ́ mọ́ra, ó fọwọ́ pa á lórí, ó wo apá rẹ̀, ó wo ẹsẹ̀ rẹ̀. Ẹ̀bùn dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn, ó ń wò wọ́n. Òun ni ìyá rẹ̀ kò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn.

Ẹyẹ onírin ti bà sórí ẹ̀ka, lẹ́gbẹ̀ẹ́ fìlà tó ṣẹ́ kù.

"Òbí ìyeyè, ẹ kú ìdààmú. Ẹ jọ̀ọ́, ṣé ọmọ dín lọ́wọ́ yín ni, àbí ọwọ́ ló ṣèèṣì kan ìlẹ̀kẹ̀?"

Gbogbo ẹni tó bá tẹ ẹ̀gbà ni ó ń bi bẹ́ẹ̀. Ó ṣẹlẹ̀ rí pé àwọn ọmọ fa òbí lọ́wọ́, ìlẹ̀kẹ̀ sì fara kan igi. Ìdáhùn kan wà tí kì í mú ìyà lọ́wọ́.

Bàbá Ajírọ́tutù sún mọ́ ọn, ó sọ ohùn rẹ̀ sílẹ̀ débi tí ohùn bẹ́ẹ̀ lè lọ sílẹ̀ mọ. "Sọ pé ọwọ́ ló ṣèèṣì. Ọmọ ti dé, kò sóhun tó ṣe é. Ta ni yóò mọ̀? Ọmọ ẹni kì í ṣèdí bẹ̀bẹ̀rẹ̀ ká fi ìlẹ̀kẹ̀ sí tọmọ ẹlòmíì."

Àǹtí Ọmọ́wùnmí bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó ń wọ bàtà rẹ̀. Ó ti wọ̀ ọ́ tán, kò sì gbé orí sókè. Mọrádéyọ̀ mọ̀ pé àánú ló ń ṣe é, pé ó ń fún òun láyè. Ó dùn mọ́ ọn, ó sì tún dùn ún.

Ó fẹ́ sọ ọ́. Ọ̀rọ̀ náà ti wà lórí ahọ́n rẹ̀, ó ṣe ṣókí, kò sì le. Ṣùgbọ́n Àríkẹ́ ṣì ń fi ara tì í, ó ti ń bèèrè bóyá òkúta lè rì. Láàárọ̀ ní èbúté, ìyá ọmọ yìí mú un lọ́wọ́, ó fi ọwọ́ náà sínú ọwọ́ Mọrádéyọ̀, ó ní, "Mo fà á lé yín lọ́wọ́ o." Kò sọ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Bí òun bá ní ọwọ́ ló ṣèèṣì, a jẹ́ pé ọmọ náà kò sọnù rárá nìyẹn. Kò ní sí ẹni tí yóò sọ fún ìyá rẹ̀ pé ọmọ rẹ̀ rìn gba etí ọ̀gbun lọ láìsí àgbà lẹ́yìn rẹ̀. Lọ́dún tó ń bọ̀, àwọn òbí á tún wá síbí, wọ́n á tún máa ka fìlà.

Àwọn ọmọ jókòó sílẹ̀ yí wọn ká, gbogbo ojú ń wo ẹnu rẹ̀. Kò wo Ẹ̀bùn. Ó mọ̀ pé bí òun bá wò ó, òun kò ní lè sọ ọ́.

"Ọmọ dín," ó ní. "N kò ka ọmọ. Fìlà ni mo kà."

"Mo dúpẹ́ fún òótọ́ yín," ni ẹyẹ wí, pẹ̀lú ọ̀wọ̀ gidi. "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gba kóró lọ́wọ́ ọmọ yín."

"Èmi náà, fìlà ni mo kà!" Bàbá Ajírọ́tutù bú sí i. "Ṣé o gbọ́? Méje ni wọ́n lọ́dọ̀ mi, mo ní mẹ́fà. Ẹ̀ṣẹ̀ kan náà la jọ ṣẹ̀."

"Òfin kò sọ nǹkan kan nípa ẹni tí ọmọ lé lọ́wọ́ rẹ̀, Bàbá. Ẹ kú iṣẹ́ o."

"Irin lásán-làsàn!"

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́," ni Àǹtí Ọmọ́wùnmí sọ. Ó ti dìde. Ó wo Mọrádéyọ̀, ó fẹ́ sọ nǹkan, ó wá sọ pé, "Òbí fúnra rẹ̀ ló gbọ́dọ̀ gbà á. Kì í ṣe èmi ni mo ṣe é bẹ́ẹ̀, Mọ́mì Ẹ̀bùn. Ẹ má bínú."

Mọrádéyọ̀ lọ bá ọmọ rẹ̀. Ẹ̀bùn ti fi ọwọ́ ọ̀tún sẹ́yìn.

"Ẹ̀bùn mi."

Ọmọ náà mi orí.

"Mú un wá."

"Èmi kọ́ ni mo sọnù," ni Ẹ̀bùn sọ. "N kò kúrò níbi tí wọ́n ní kí n wà."

"Mo mọ̀. O ò ṣe nǹkan kan. Èmi ni."

Ó na ọwọ́ sí i, kò fà á. Ó pẹ́ kí Ẹ̀bùn tó mú ọwọ́ wá síwájú, ó sì tún pẹ́ kó tó là á. Kóró náà ti gbóná, ó ń dán fún òógùn. Mọrádéyọ̀ gbà á, ó gbé e fún tíṣà, ojú rẹ̀ ṣókùnkùn. Nínú gbogbo ohun tó ti ṣe láyé, kò rántí èyí tó dùn ún tó bẹ́ẹ̀.

Wọ́n ní kí àwọn méjèèjì lọ dúró sínú ọkọ̀. Àǹtí Ọmọ́wùnmí ló gba àwọn onífìlà ìyeyè. Ó fi ọwọ́ kan orí wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ń kà wọ́n sókè ketekete, ọ̀kan nínú àwọn òbí sì ń ṣe "Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́" lábẹ́ ẹnu.

Nínú ọkọ̀, Ẹ̀bùn lọ jókòó síbi tó jìnnà jù. Ó sunkún títí tó fi sú u. Ìyá rẹ̀ kò bẹ̀ ẹ́, kò sì ṣèlérí ohun tí kò ní lọ́wọ́. Ó jókòó, ó ń gbọ́ ẹkún náà. Láti ibẹ̀, wọ́n lè rí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ òkè tó dojú kọ omi, níbi tí àwọn ọmọ ti ń tò láti gbin kóró wọn.

Nígbà tó yá, Ẹ̀bùn sún wá díẹ̀. Ó tún sún díẹ̀.

"Mọ́mì, ẹ mọ̀ pé wọ́n máa gba igi mi?"

"Mo mọ̀."

"Kẹ́ ẹ tó tẹ̀ ẹ́?"

"Kí n tó tẹ̀ ẹ́. Ìdí nìyẹn tí n kò fi tètè tẹ̀ ẹ́. Mo dúró, mò ń rò ó."

Ẹ̀bùn nu imú. Kò retí pé ìyá òun á sọ ìyẹn fún òun.

"Tó bá jẹ́ pé èmi ni mo sọnù," ó ní, "tó jẹ́ pé ìyá Àríkẹ́ ló ń tọ́jú wa. Ṣé wọ́n máa tẹ̀ ẹ́?"

Mọrádéyọ̀ fẹ́ ní bẹ́ẹ̀ ni. Ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ parọ́ kan lónìí, kò fẹ́ wá pa irọ́ báyìí.

"N kò mọ̀," ó ní. "Ohun tí mo mọ̀ ni pé màá fẹ́ kí wọ́n tẹ̀ ẹ́. Màá fẹ́ kí wọ́n má tilẹ̀ dúró rò ó bí èmi ti dúró."

Ẹ̀bùn ń wo orí òkè. Ó ti kan Àríkẹ́. Ọmọ náà ti kúnlẹ̀, ó ń fi ìka kan họ ilẹ̀ bí ẹni tó ń bẹ̀rù kó má dun ilẹ̀. Ẹ̀bùn na ọrùn. Láti oṣù tó kọjá ló ti ń fi abọ́ gaàrí ilé ìdáná kọ́ bí wọ́n ṣe ń gbẹ́ ihò, ìyà ló sì ń jẹ gaàrí.

"Kò jìn," ó ní.

"Kí ni kò jìn?"

"Ihò yẹn. Ẹ wò ó, ó ti fẹ́ jù ú sí i. Òjò máa gbé e lọ."

Ó dìde. Ó gun orí àga ọkọ̀, ohun tí wọ́n ti kọ̀ fún gbogbo ọmọ. Ó fi ọwọ́ méjèèjì yí ẹnu ká bí ẹni tó ń fun fèrè.

"Àríkẹ́!" Ohùn rẹ̀ ṣì há nítorí ẹkún. "Àríkẹ́! Gbẹ́ ẹ jìn sí i!"

Àwọn òbí yíjú wo ọkọ̀. Ẹyẹ onírin náà yíjú. Mọrádéyọ̀ mọ̀ pé ó yẹ kí òun fà á sọ̀kalẹ̀, kí òun ní kó dákẹ́. Ó dìde, ó di ìbàdí ọmọ rẹ̀ mú kó má baà ṣubú.

"Gbé ohùn sókè," ó ní. "Omi yẹn ń hó jù."

"Gbẹ́ ẹ jìn sí i!" Ẹ̀bùn kígbe. "Fi ọwọ́ méjèèjì!"

Lórí òkè, Àríkẹ́ gbé orí sókè, ó wá ibi tí ohùn náà ti wá. Ó rí wọn. Ó yọ kóró rẹ̀ kúrò, ó gbé e sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ orúnkún, ó sì tún bẹ̀rẹ̀ sí í gbẹ́ ẹ.